Oúnjẹ Abẹ́ Snow

Castleridge, Calgary
Ọjọ́ Ajé, oṣù Kẹta, 1989

Mopélọ́lá, Àdùkẹ́ mi,

N kò ní bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo wà, nítorí ohùn rẹ lórí tẹlifóònù lánàá ti dá mi lóhùn. Ìyá rẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí o pè, èmi sì wà nílé pẹ̀lú orúnkún mi tó ń dùn mí. Mo rò pé o mọ̀ọ́mọ̀ mú wákàtí yẹn ni. O ní wọ́n rí kókó kan lọ́yàn rẹ, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, àti pé Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni dókítà máa sọ ohun tó jẹ́ fún ọ. O ní Akin ọkọ rẹ ò mọ̀, torí pé ó ń múra ìdánwò, o ò sì fẹ́ kó ìdààmú bá a. O ní kí n bá ọ gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tí o ti bẹ̀rẹ̀. O wá fi Gẹ̀ẹ́sì dé e lórí: "Daddy, please, don't tell anybody." Mo ní ó dáa. Kò dáa rárá, ṣùgbọ́n ohun tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn.

Mo lè pè ọ́ padà. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, iṣẹ́ àwòrán yíyà ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ọwọ́ mi gbọ́n ju ẹnu mi lọ. Tí mo bá pè, o máa sunkún, èmi náà máa sunkún, a ó sì gbé fóònù sílẹ̀ láì tíì sọ nǹkan kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nǹkan tí èèyàn lè fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ni mo ń wá. Mò ń mú lẹ́tà yìí lọ sí pósọ́fíìsì lónìí, màá sì san ti kíákíá, kó lè dé Winnipeg kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Kòtò kan wà tí èmi àti ìyá rẹ jọ jìn sí, a sì ti fi pamọ́ fún ọ fún ọdún mẹ́ta. Òun ló ní kí n kọ ọ́ fún ọ. Fara balẹ̀ kà á.

O rántí ọdún tí o kọ́kọ́ wọ yunifásítì, tí ò ń bá mi wọ train láàárọ̀. Ọdún yẹn ni owó epo wálẹ̀, tí ọ̀gá wa pe gbogbo àwa tí à ń ya àwòrán páìpù jọ. Ó ní ní òpin oṣù, wọ́n máa lẹ orúkọ mọ́ ògiri. Ẹni tó bá rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jẹ́ kí a máa retí. Tó bá jẹ́ pé lójú ẹsẹ̀ ló lé mi, ì bá sàn fún mi. Mo délé lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ ní iṣẹ́ ńkọ́, mo ní iṣẹ́ ń lọ. Mo sọ fún ara mi pé ìfẹ́ ni, pé n kò fẹ́ kó ọkàn rẹ̀ sókè. Irọ́ ni. Ìgbéraga ni. Mi ò fẹ́ kí obìnrin tó tẹ̀lé mi wá sínú òtútù yìí rí mi bí ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ lé.

Inú train ni mo ti pinnu pé màá gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, omi nìkan ní ìrọ̀lẹ́. Mo sì rí ẹsẹ Bíbélì tó gbè mí lẹ́sẹ̀: Olúwa wa ní ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ kó bọ́jú, kó fi òróró para, kí ará ìta má baà mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi gan-an. Ojoojúmọ́ ni mo ń fá irùngbọ̀n, tí mo ń fi fasilíìnì kun ojú títí ó fi ń dán. Mo wá ka aya mi mọ́ ará ìta.

Níbi iṣẹ́, mo ní màá jẹun nílé. Nílé, mo ní mo ti jẹun níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n o mọ ìyá rẹ, ẹni tó bá ní òun ti yó ló máa ń bu oúnjẹ fún jù. Kò sí bí mo ṣe lè dá abọ́ padà kó má fura. Màá gbà á, màá ní mo fẹ́ lọ jẹ ẹ́ ní basement níbi tí àwọn àwòrán mi wà, màá wá gba ẹ̀yìnkùlé jáde, màá da gbogbo rẹ̀ sínú snow lẹ́bàá ọgbà, màá fi bàtà bò ó. Mọ́ínmọ́ín inú agolo ni o, ìrẹsì ni o, ẹja tútù ni o. Èmi tí ìyá mi máa ń ní kí n ṣa ìrẹsì tó bá bọ́ sílẹ̀ jẹ! Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ohun kan wà tí ó yẹ kó ti ta mí lólobó. Ní àwọn ọjọ́ tí mo bá tètè délé, tí mo bu oúnjẹ fún ìyá rẹ, òun náà á gbà á, á ní kí òun fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ tán ná. Tàbí kó ní àwọn ti jẹun ní daycare tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìwọ nìkan lò ń jẹun nílé yẹn, o sì ń jẹ ẹ́ dáadáa, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọ. O tilẹ̀ bi mí nígbà kan pé kí ló dé tí oúnjẹ fi pọ̀ tó báyìí nínú fíríìjì. Mo ní ìbùkún ni.

Ọjọ́ kẹfà ààwẹ̀ mi bọ́ sí Ọjọ́ Àbámẹ́ta. O lọ sùn nílé ọ̀rẹ́ rẹ. Mo jí, mo gbọ́ tí omi ń kán lórí òrùlé, mo sì mọ̀ pé mo ti gbé. Chinook ti dé. Atẹ́gùn gbígbóná yẹn ti fẹ́ mọ́jú, snow tó ga dé orúnkún ti di omi. Mo wo ẹ̀yìnkùlé láti ojú fèrèsé, mọ́ínmọ́ín mi tò lẹ́bàá ọgbà bí ìgbà tí èèyàn pàtẹ ọjà, ajá aládùúgbò sì ti ki imú bọ àárín pákó ọgbà, ó ń wò ó. Mo sáré mú nylon, mo jáde lọ ṣa ẹ̀ṣẹ̀ mi kí ìyá rẹ tó rí i.

Mo ti ṣa tèmi tán kí n tó rí òkìtì kejì. Abẹ́ fèrèsé ilé ìdáná ló wà. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni, dòdò wà lórí rẹ̀, mo sì mọ dòdò náà, nítorí èmi ni mo dín in ní Ọjọ́bọ̀, mo sì jó o díẹ̀. Èmi ni mo bù ú fún un. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú nylon lọ́wọ́, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Àwa méjèèjì! Mo ní kí n wọlé lọ bá a, kí a jọ rẹ́rìn-ín ara wa.

Mo bá a lórí ilẹ̀ ilé ìdáná. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú, òógùn sì bo ojú rẹ̀. Kò lè dìde.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi mí pé oyún náà ti tó oṣù mélòó. Mo ní kò sí oyún, pé ìyàwó mi ò lóyún. Nọ́ọ̀sì náà wò mí, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún wò mí, ó wá rọra ní kí n jókòó. Oṣù mẹ́ta ti lé díẹ̀, Mopé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti bàjẹ́.

A sọ fún ọ pé ulcer ni. Kì í ṣe ulcer.

O máa ń bi wá ní kékeré pé kí ló dé tí ìwọ nìkan wà. Ìgbà méjì ni ìyá rẹ ti lóyún lẹ́yìn rẹ, tó sọ fún mi, tí ìdùnnú mi ò jẹ́ kí n sùn, tí ó sì bàjẹ́. Ní ti ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, ó ní òun ò fẹ́ kí n tún yọ̀ lásán. Ó fẹ́ kó tó oṣù márùn-ún kó tó sọ. Ó sì rí ojú mi tó ń dán, ó mọ̀ pé nǹkan wà ńbẹ̀, ló bá gba ààwẹ̀ fún oyún rẹ̀ àti fún ojú mi pọ̀. Aboyún! Dókítà ní òun ò rò pé ààwẹ̀ ló fà á, pé irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo máa ń gbà á gbọ́, ní ọjọ́ kejì n kì í gbà á gbọ́. Ohun tó dá mi lójú ni pé tí mo bá ti sọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún un, òun náà ì bá sọ tirẹ̀, mi ò sì ní jẹ́ kí ebi pa á fún wákàtí kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Ẹ̀gbọ́n Délé dé, àwọn tó máa ń darí àdúrà fún àwa ọmọ Nàìjíríà ní gbọ̀ngán tí a háyà. Mo rò pé Bíbélì ni wọ́n máa gbé jáde. Fúláàsì ni wọ́n gbé jáde, ògì gbígbóná ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àkàrà tí ìyàwó wọn dín. Wọn ò bi wá ní ohunkóhun. Mo ní ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ná. Wọ́n ní:

"Ẹ jẹun ná. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọlọ́run ò ní torí àkàrà sá lọ."

Wọ́n wá rán wa létí wòlíì tó sá lọ sí aginjù, tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, tó ní kí Ọlọ́run kúkú pa òun. Wọ́n ní Ọlọ́run ò bá a wí, kò sì wàásù fún un. Àkàrà àti omi ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i, ó jẹ́ kó sùn, ó tún fún un jẹ lẹ́ẹ̀kejì, kó tó bi í ní ọ̀rọ̀ kankan.

Nígbà tí a jẹ tán, wọ́n ní kí a di ara wa lọ́wọ́ mú, kí oníkálukú sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù fún Ọlọ́run, sókè, kí ẹnì kejì gbọ́, láì ka ẹsẹ Bíbélì kankan. Ìyá rẹ ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí pé ọkọ mi máa rò pé èmi ni mo pa ọmọ rẹ̀."

Ogún ọdún la ti wà pọ̀ nígbà náà, a sì ti jọ gbàdúrà láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Nígbà tó kàn mí, mo sọ ti iṣẹ́. Mo sọ pé ojú ń tì mí. Mo sunkún, kò sì sí ẹni tó ní kí n dákẹ́.

Kò sí iṣẹ́ ìyanu kan tó tẹ̀lé e. Ní òpin oṣù, orúkọ mi wà lára ògiri, ìkẹta láti òkè. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wà nílé kí n tó rí ibi tí mo ti ń ya àwòrán páìpù omi báyìí. Oyún mìíràn ò sì wá mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán yẹn, ní yàrá ọsibítù, àyà mi tó ti ń já láti ọjọ́ tí ọ̀gá wa ti pè wá jọ rọlẹ̀, nígbà tí kò tíì sí ohun kan tó yí padà. Ohun tí mo mọ̀ sí ìtùnú Ọlọ́run nìyẹn. Ó dé kí ìdáhùn tó dé, ó sì dúró nígbà tí ìdáhùn jẹ́ rárá. Tí kì í bá ṣe ọjọ́ yẹn ni, mi ò rò pé màá ṣì máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, àfi kí n máa bá ìyá rẹ gbé àpò.

Nítorí náà, gbọ́ tèmi.

Èkíní, jẹun. Bí o bá ti ń ka lẹ́tà yìí pẹ̀lú ikùn òfìfo, dìde lọ wá nǹkan sẹ́nu kí o tó máa kà á lọ. Mi ò sọ pé ààwẹ̀ ò dára. Èmi náà ṣì ń gbà á. Ṣùgbọ́n èyí tí à ń gbà torí pé ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà wá, tí a rò pé tí ebi bá pa wá tó, àánú wa máa ṣe é, ìyẹn ò yàtọ̀ sí ìdọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá burúkú. Bàbá ni. O ò fi ebi bẹ èmi rí kí n tó dá ọ lóhùn.

Èkejì, ẹ̀rù bíbà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. O sọ fún mi pé tí ìgbàgbọ́ rẹ bá pé, àyà rẹ ò ní máa já. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Olúwa wa fúnra rẹ̀, nínú ọgbà, ní ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ dàrú jù, ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta pé ọkàn òun wúwo, ó ní kí wọ́n dúró ti òun. Wọ́n sùn lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó sọ fún wọn.

Ìwé ìṣègùn méjì tí o ní o yá ní láíbìrì, dá wọn padà. O kì í ṣe dókítà, gbogbo àrùn tó wà nínú wọn lo máa ní kó tó di Ọjọ́ Ẹtì. Kọ àwọn ìbéèrè rẹ sílẹ̀, kí o mú un dání lọ, kí o má sì kúrò ní yàrá dókítà títí o fi lóye ìdáhùn wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ pé onígbàgbọ́ ò nílò ọsibítù, kí i dáadáa, kí o máa bá tìrẹ lọ.

Mo ti gbàgbé ibi tí mo ka nọ́ńbà dé. Kò burú. Èyí tó kù ló jù gbogbo rẹ̀ lọ.

Sọ fún Akin. Oṣù mẹ́rin péré lẹ ṣègbéyàwó, o sì rò pé ìdánwò rẹ̀ lò ń dáàbò bò. Ìdánwò á tún wà lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Ó ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọ́, ohun tó jẹ́ ni kò mọ̀, ó sì lè jẹ́ pé òun náà ti ń rò pé òun ló ṣẹ̀ ọ́. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ìyá rẹ dákẹ́, o ti rí ohun tó bá a dákẹ́. Má jẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo máa jókòó níwájú dókítà yẹn.

Ẹ̀bi kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mo ti sọ fún ìyá rẹ. Bó ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kó tó bọ́ bàtà, mo ti sọ. Mo mọ̀ pé mo ní ó dáa, mo sì mọ̀ pé o máa bínú. Bínú, mo gbà. Irú àṣírí yẹn ni mi ò lè pa mọ́ fún un mọ́ láyé. Ó jókòó, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọkọ rẹ̀ mọ̀?" Mo ní rárá. Ó ní, "Kọ ọ́ fún un. Kọ gbogbo rẹ̀." A jẹun, a sì gbàdúrà. Ó sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù nípa rẹ, èmi náà sọ tèmi.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé Ọlọ́run ti fi hàn mí pé kókó náà ò jẹ́ nǹkan. Kò sọ fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ nǹkan, màá sì máa bẹ̀ ẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ nǹkan, a ó wọ bọ́ọ̀sì wá sí Winnipeg, a ó sì dúró níbẹ̀ títí o fi máa ní ọ̀rọ̀ wa sú ọ. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé Ọlọ́run ò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní yàrá yẹn, yálà ìròyìn dára tàbí kò dára.

Sọ fún Akin lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé, kó má di ọ̀la. Bí ẹnu rẹ ò bá gbé e, fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́, kí o sì jókòó tì í.

Akin, ọmọ mi, tó bá jẹ́ pé ìwọ lò ń ka ibí yìí, a jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ò gbé e. Má bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ọ. Ẹ̀rù ló bà á, ó sì fẹ́ràn rẹ. Pa ìwé ìdánwò rẹ dé. Wá nǹkan tí ẹ̀yin méjèèjì máa jẹ. Lẹ́yìn náà, di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí o sọ fún Ọlọ́run pé ẹ̀rù ń bà ọ́, kí o sì sọ ọ́ sókè, kí ìyàwó rẹ gbọ́.

Èmi ni,
Bàbá yín.